Kásẹ́ẹ̀tì Tí Ọ̀gá Mi Kò Pa Ẹnu Rẹ̀ Dé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára láti kọ́, ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín. Iṣẹ́ ohùn ni mo ṣe. Mo gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ ní Ìdànrè láti ìgbà ọmọge mi títí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́nu mi. Àǹtí Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí nígbà náà. Màmá Kásẹ́ẹ̀tì ni mo dà báyìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ kò fojú kan kásẹ́ẹ̀tì rí. Ọmọ ọmọ mi kan mú ọ̀kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, ibo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Nílé wa, ìyá mi ń ríran, ẹ̀gbọ́n mi ń ríran, kódà àbúrò mi tí kò mọ ìwé kà ń ríran. Èmi nìkan ni kò rí nǹkan kan rí. Bí mo bá wólẹ̀ nílé àdúrà, oorun ló ń gbé mi lọ. Torí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má ṣe sọ pé ìyá aríran ló tún dé. Etí ni Ọlọ́run fún mi, kò fún mi ní ojú ìran.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi ní kí n lọ kọ́ aṣọ rírán, mo ní n kò lè bá abẹ́rẹ́ gbé, ó bínú, ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ni wọ́n bá mú mi lọ bá Ọ̀gá Fálẹ́yẹ ní Òdòdé, nínú ìlú wa níbí. Iye tí wọ́n san àti iye ọdún tí wọ́n dá, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọmọ tó bá ń ro èrè iṣẹ́ kó tó kọ́ ọ, èrò náà ló máa fi ṣe iṣẹ́ jẹ.

Ọ̀gá Fálẹ́yẹ kúrú, ó sì tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ nìkan ló tóbi lára rẹ̀. Bó bá kí ènìyàn lójúde, ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé á dáhùn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀yìn ti àpáta, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìlú wa. Orin ìjọ, ìwàásù òkú, ìkórè, ìgbéyàwó, òun ló ń gbà wọ́n sílẹ̀, òun ló ń dà wọ́n kọ láti kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn.

Fún ìgbà pípẹ́ kò jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ gba ohùn. Òwú àti sípírítì ló kó fún mi kí n máa fi nu orí ẹ̀rọ, àti rásà tí n ó máa fi gé téèpù tó bá já kí n tó lẹ̀ ẹ́ padà. Bí ìyẹn bá parí, á ní kí n di ojú. Á wá fi kásẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ sí ẹ̀rọ.

"Níbo nìyí?"

"Ọ̀gá, kò sí nǹkan níbẹ̀, sà."

Á fà mí létí. "Etí ló ṣẹ̀, etí ni yóò jìyà. Ọma mi, kò síbi tó dákẹ́ láyé. Tẹ́tí dáadáa." Ọma ni Ìdànrè ń pe ọmọ. Ohùn ìlú wa gan-an ni Ọ̀gá fi ń sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń sọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo yín.

Mo sunkún nítorí etí fífà yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tó ti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ilé tí wọ́n kó kòkó sí ní ìró tirẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fọwọ́ pa àpò jẹ́jẹ́. Ilé àdúrà tó ṣófo a máa hó díẹ̀díẹ̀ lókè. Yàrá tí wọ́n tẹ́ òkú sí ló bà mí lẹ́rù jù, torí ó dà bí ẹni pé yàrá náà ń retí ẹnì kan. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni n kò mọ̀ títí. Ọ̀gá ní, "Ilé ni. Ìrọ̀lẹ́ ni. Gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti wọlé tán." Mo ní n kò gbọ́ ìyàtọ̀. Kò fà mí létí lọ́jọ́ náà. Ó ní, "O ṣì kéré. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ ọ, wàá mọ̀."

Òfin tó le jù nínú òfin rẹ̀ ni ti ìpè. Kí ẹ tó mọ ìdí rẹ̀, ẹ rántí pé àpáta ìlú wa a máa dá ohùn padà. Bí o bá sín ní ẹ̀yìnkùlé, àpáta á bá ọ sín. Àwọn òbí wa sì kọ́ wa pé bí a bá pe orúkọ rẹ lọ́sàn-án gangan tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́. Yọjú kí o wò ó ná. Òfin Ọ̀gá ni pé bí ẹnìkan bá pe ènìyàn nínú orin tàbí nínú ẹkún tí a ń gbà sílẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ títí ìpè náà yóò fi rí èsì. Bí ẹni tí wọ́n pè bá wà níbẹ̀, kó jẹ́. Bí kò bá sí, tàbí tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a jẹ́ ẹ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á súnmọ́ máìkì, á rọra sọ pé, "A gbọ́ o." Ìgbà náà ló máa pa ẹ̀rọ. Pípa ẹnu kásẹ́ẹ̀tì dé ló ń pè é.

Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Bí mo bá pè ọ́ tí o kò jẹ́, ṣé mo máa lọ sùn ni?"

"Rárá, sà. Ẹ máa tún pè."

"Ó tán."

Ẹ lọ tú kásẹ́ẹ̀tì àwọn òbí yín wò. Bó bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ máa gbọ́ ọ níparí: A gbọ́ o. Àwọn kan rò pé ìpolówó ọjà ni.

Ẹyọ kan ló wà tí a kò pa ẹnu rẹ̀ dé.

Obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ ti Ìwó wá ṣiṣẹ́ ní oko kòkó lẹ́yìn àpáta. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí, tí kò tíì pààrọ̀ eyín tán, Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Ọmọ náà lọ pọn omi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí kòkó ń pọ́n lọ, kò sì padà. Àwọn ọdẹ wá a. Ìjọ wa jáde pẹ̀lú aṣọ funfun àti agogo, wọ́n yí ẹsẹ̀ àpáta ká. Korobá rẹ̀ ni wọ́n rí. Orí àpáta ló wà, níbi tí ọmọ kankan kò lè gbé e dé, omi kún un dé ẹnu, kò sì ta sílẹ̀.

Ìyá náà pe ọmọ títí ohùn rẹ̀ fi ń há. Ìgbà yẹn ló wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ bá mi gbà á sílẹ̀ kó tó tán, kí ẹ fi sípíkà pè é." Èmi ni mo di máìkì mú sí i lẹ́nu. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "Àbẹ̀kẹ́ o! Àbẹ̀kẹ́ o! Màmi rẹ ni. Àbẹ̀kẹ́ o, jẹ́ mi lóhùn!" Ọ̀gá tẹ̀ síwájú láti sọ ohun tó máa ń sọ. Obìnrin náà fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń pè. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i pé Ọ̀gá kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa yí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́ títí kásẹ́ẹ̀tì fi yí dé ìparí, tí bọ́tìnnì sì ta sókè fúnra rẹ̀, tákà.

A gbé sípíkà sórí ọkọ̀ ìjọ, a ń fi pè é láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àpáta ń gbà á, ó ń dá a padà, débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni ní Òdòdé. Gbogbo ọmọ tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nílùú ni àwọn òbí wọn fún lórúkọ mìíràn títí a fi pa sípíkà, kí ọ̀kan nínú wọn má baà gbàgbé kó jẹ́. A kò rí ọmọ náà. Ọkọ padà sí Ìwó. Ìyá ní òun kò lọ, pé bí ọmọ bá dé tí kò bá òun ńkọ́? Ó gba yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń bá àwọn ènìyàn sá kòkó. Lọ́dọọdún, bí kòkó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á wá jókòó, á gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dé ìparí, á dìde, á lọ.

Lọ́dún kan tí a gbé e sí i fún un, hẹ́dífóònù wà létí mi. Lẹ́yìn ìpè kẹta, nínú àyè tó ṣófo yẹn, mo gbọ́ ẹni tó fa èémí sínú, bí ọmọ ṣe ń fà á bó bá fẹ́ dáhùn. Kò sì dáhùn. Mo gbójú sókè. Ọ̀gá ti ń wò mí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó ní, "O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Má sọ fún un."

Àánú ló ṣe Ọ̀gá mi lọ́ṣẹ́. Ẹ̀rọ jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀gá tú u, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí i láti dán an wò. Mo wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbé omi ẹ̀bà kaná. Mo gbọ́ ìpè kìn-ín-ní, mo gbọ́ ìkejì, mo gbọ́ ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Ọ̀gá. "Òo," ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń dá ọmọ tó ń sunkún lóhùn. Mo sáré wọlé. Ó dúró, ẹnu rẹ̀ là, ètè rẹ̀ ń mì, kò sí nǹkan tó jáde. Wọ́n gbé e lọ sí Àkúrẹ́, àwọn dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, wọn kò rí àrùn kankan níbẹ̀. Ìjọ gbààwẹ̀ lé e lórí. Ọ̀gá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ọwọ́ ló fi ń darí mi, bí mo bá ṣì í, ó ṣì ń fà mí létí.

Ní àkókò kòkó tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ dé. A gbé e sí i. Ìpè kẹta. Èémí ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ọkùnrin tó kún dáadáa: "Òo." Ẹ̀yin tí ẹ bá bá ẹ̀rọ gbé mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń kọrin kì í gba ohùn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì pupa tí a fi ń gba ohùn. Ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, omijé ń já bọ́ sí i láyà.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ọ̀gá ni, Ìyá."

Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin."

Kí Ọ̀gá tó kú, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù àti agolo mílíìkì kan tó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, n kò béèrè nǹkan kan.

Ayé wá yí. Síìdì dé, kásẹ́ẹ̀tì kú. Kò pẹ́, mẹ́mórì káàdì dé, síìdì náà kú. Gbogbo ọmọ tó ní fóònù di oníṣẹ́ ohùn. Ó kù díẹ̀ kí n máa ta èédú. Olúmidé, ọmọ àbúrò mi, ló gbà mí sílẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kan kírétì ẹyin mọ́ ògiri kí ariwo má baà wọlé, ó ní sítúdíò la dà. Ráàpù ló ń ṣe. Mo kọ́kọ́ bi í pé ṣé orin nìyí ni àbí ìjà. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àwọn oníráàpù kì í pe ènìyàn kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n á ké, àwọn èrò á dá wọn lóhùn, wọ́n á tún ké. Mo ní, háà, àwọn wọ̀nyí mọ òfin Ọ̀gá mi. Mo sọ ọ́ di dandan fún Olúmidé pé gbogbo orin tó bá ṣe lábẹ́ òrùlé mi, "A gbọ́ o" ló gbọ́dọ̀ fi parí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé àmì rẹ̀ ni. Wọ́n ti ń fi kí ara wọn níbùdó ọlọ́kadà báyìí.

Olúmidé ní ọ̀rẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Dókítà Denise, obìnrin adúláwọ̀ tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó sì ń ṣe ráàpù fúnra rẹ̀. Lórí fóònù ni wọ́n ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Òun á fi bíìtì, ìyẹn ìlù orin, ránṣẹ́, Olúmidé á da ohùn lé e, á fi ránṣẹ́ padà. Ohun tó ń ṣèwádìí ni bí orin ṣe ti ọ̀dọ̀ wa rékọjá òkun, tó sì padà wá bá wa pẹ̀lú fìlà tó kọjú sẹ́yìn. Nígbà tí ìwádìí náà gbé e dé Ìdànrè, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó kọ́ Yorùbá níléèwé wọn lọ́hùn-ún, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun òkè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí kì í sọ̀rọ̀ bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ Olúmidé kan tó gba aginjù lọ sí Líbíà tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ ni wọ́n fẹ́ kọrin lé lórí. Ìyá rẹ̀ ń pe fóònù rẹ̀, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Àṣà wọn nínú ráàpù ni pé kí wọ́n gé ohùn àtijọ́ láti inú àwo, kí wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Olúmidé wá rántí kásẹ́ẹ̀tì inú agolo.

Mo ní, "Kò ṣeé ṣe."

"Màámi, ẹ má wọ́rì, no wahala. Díẹ̀ la máa gé níbẹ̀."

"Gé kí ni? Iṣu ni?"

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Olúmidé kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀. Denise kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo ní ẹni tó ni ìpè ló lè sọ bóyá kí a gé e. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti di arúgbó, igi ló fi ń rìn, àìsàn ti bá a jà lọ́dún náà. Ó ti sọ fún mi pé, "Ẹsẹ̀ mi ti wúwo. Bí ọmọ yìí kò bá jẹ́ lọ́dún yìí, n kò mọ ẹni tó tún máa jẹ́ fún." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ọmọ mú wá fún un?

Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ó dé lọ́sàn-án, ó jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó sí. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i. Denise gbọ́ ìpè, ó gbọ́ èémí, ó gbọ́ ohùn Ọ̀gá mi. Ó yọ hẹ́dífóònù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Olúmidé ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ó ní, "Ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa tó dé Amẹ́ríkà, ọmọdé ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé wọ́n jí i gbé láyé òwò ẹrú."

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní, "Kí ló ń lọ ṣe?"

"Wọ́n ní omi ló lọ pọn, Mà. A kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyá náà pè é. Kò sí ìyá tí kò ní í pè. Láti ìgbà yẹn, nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó tíì jẹ́."

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ na ọwọ́, ó rọra fi pa ojú rẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Tún un gbé sí i. Kó jẹ́."

Mo dúró síwájú ẹ̀rọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ rí ohun tó ṣe Ọ̀gá mi. Ohùn ni ọmọ yìí fi ń jẹun."

"Ọ̀gá rẹ kò sọnù," ó ní. "Ilé rẹ̀ ló wà, ó wá bá ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ìpè. Ọmọ tó sọnù ni mò ń pè. Èyí náà sọnù." Ó yíjú sí Denise. "Àbẹ̀kẹ́ ni n ó máa pè ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà," Denise fi Yorùbá dáhùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ bó ṣe rí i tí a ń bọ́ ọ ní ìjọ wa. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ìpè kìn-ín-ní. Ìkejì. Olúmidé ń gbà á sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìkẹta. Èémí.

"Òo, Màmi!"

Ó ké e pẹ̀lú gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀. Àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gbà á: Òo, Màmi. Ó tún dá a padà: Òo, Màmi. Mo ti ń gbọ́ ohùn àpáta yẹn láti kékeré. Bó bá ti ń dá ohùn padà, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀, tó sì ń jìnnà. Ìgbẹ̀yìn tó dé etí mi kò lọ sílẹ̀, kò sì jìnnà. Ohùn ọmọ kékeré ni, ó ń mí hẹlẹ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ omi kalẹ̀: "Òo, Màmi."

Mo dúró kí n gbọ́ "Òo" Ọ̀gá mi tó máa ń tẹ̀ lé e. N kò gbọ́ ọ. Dípò rẹ̀, láti inú kásẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ ńlá yẹn rọra sọ pé, "A gbọ́ o." Bọ́tìnnì ta sókè, tákà, téèpù kò sì tíì yí dé ìdajì.

Mo rò pé Ìyá Àbẹ̀kẹ́ máa sunkún. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Ó jẹ́." Ó béèrè omi, ó mu ife náà tán, ó mú igi rẹ̀. Ọdún gbogbo tó bá ń lọ sílé, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kó wo òkè àpáta. Lọ́jọ́ náà, kò wò ó. Mo di Denise lápá mú, mo ní, "Sọ̀rọ̀, ọmọ mi." Ó ní, "Kí ni kí n sọ, Mà?" Mo jókòó sílẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Orin náà ti lọ jìnnà. Olúmidé fi fíìmù rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Gbọ̀ngàn ńlá ni, ní Amẹ́ríkà, Denise ń na máìkì sí wọn, àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí n kò mọ̀ rí ń ké "Òo, Màmi," wọ́n sì ń fi "A gbọ́ o" parí rẹ̀. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ rí i pẹ̀lú mi. Kí kòkó tó tún pọ́n, ó sùn, kò jí. A sin ín pẹ̀lú aṣọ funfun.

Ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo ni kẹ́ ẹ kọ́. Ẹ kọ́ èyí tó bá wù yín, kọ̀ǹpútà ni o, ráàpù ni o. Ẹ ṣáà rí ọ̀gá tó máa fà yín létí. Ẹ̀rọ tó kọ́ mi níṣẹ́ ti di pàǹtí, etí tí Ọ̀gá mi fà kò tíì di pàǹtí.

Lẹ́yìn ìsìnkú Ìyá Àbẹ̀kẹ́, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i. N kò gbọ́ ìpè kankan. Ohùn ìyá náà kò sí níbẹ̀, ti Ọ̀gá kò sí níbẹ̀, èémí náà kò sí. Òfìfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rù bà mí, ọwọ́ mi ti dé orí bọ́tìnnì kí n pa á. Ni mo bá rántí. Mo di ojú, mo tẹ́tí bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo bi ara mi léèrè pé, níbo nìyí?

Mo mọ̀ ọ́n. Ilé ni. Ìrọ̀lẹ́ ni. Gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti wọlé tán.

Mo pa ẹ̀rọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Olúmidé lọ́wọ́.